Ilé Àmàlà kan ní Bódìjà tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Kì í Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, àgádágodo ni mo sì bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kan pátákó kékeré kan mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé nítorí pé ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sinmi. Inú bí mi, n kò ní purọ́, nítorí pé láti Mókọ́lá ni mo ti wọkọ̀ wá, ebi sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà lọ, ọ̀rọ̀ ara pátákó náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti rí ilé oúnjẹ tó tì nítorí òkú, mo ti rí èyí tó tì nítorí ọdún, mo sì ti rí èyí tí àwọn agbowó-orí tì pa. N kò tí ì rí èyí tó kọ ọ́ síta gbangba pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń sinmi. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo sì ti jẹun níbẹ̀ tó ìgbà 14 láàárín oṣù márùn-ún kí n tó jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà. Obìnrin tó ni ín, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá, gbà kí n bá òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù àti ìlànà iṣẹ́ wọn, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má fi orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Ẹni tó bá mọ agbègbè ọjà Bódìjà dáadáa lè fi imú wá a rí.

Oúnjẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Àmàlà wọn dúdú, ó ń dán, kò ní kókó, kò sì rọ̀ débi tí yóò fi máa ṣàn nínú abọ́. Gbẹ̀gìrì wọn kúnná, nítorí pé wọ́n bó èèpo ẹ̀wà náà tán kí wọ́n tó gbé e kaná, èèpo kankan kò sì há mi láàárín eyín rí. Ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja ewédú wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta, ìrú inú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ògúnfe wọn rọ̀ dáadáa. Ṣàkì ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, nítorí pé ó le bí awọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì tí mo rà á, epo orí ọbẹ̀ ata wọn náà sì pọ̀ jù fún ẹni tó bá ń ṣọ́ ara rẹ̀. Àmàlà mẹ́ta, ògúnfe méjì àti ṣàkì kan gba 3,200 náírà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan wà ní àdúgbò náà tí wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó sí èyí, àwọn kan sì wà tí tiwọn wọ́n jù ú lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé adùn oúnjẹ náà kì í yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹun ní bùkátéríà fún ọdún díẹ̀ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti se àbùlà aládùn lónìí lè se omi lásán lọ́la, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n sè ti bá ẹlòmíràn lọ ní òru mọ́jú. Níbi tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ kan náà ló ń rokà láti ọdún 2016 tí wọ́n ti ṣí i. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n bá Màmá bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀, ẹnì karùn-ún sì lọ́kọ sí Èkó ni. Gbogbo wọn di 14 báyìí, ẹni tó dé kẹ́yìn sì ti lo ọdún méjì.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí irú iye báyìí fi jẹ mí lọ́kàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alábòójútó òṣìṣẹ́ ní ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ. Níbẹ̀, owó oṣù lè wọlé ní ọjọ́ kẹta oṣù tuntun, ó lè di ọjọ́ kejìdínlógún, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Bí ènìyàn bá pẹ́ dé pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á yọ lára owó rẹ̀. Bí ìgò kan bá fọ́, gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni yóò dá a. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ka orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ síta ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo sì ń kà á. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kọ́ àwọn ènìyàn tuntun níṣẹ́, a ó sì máa ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá wọ ilé oúnjẹ, kì í ṣe abọ́ nìkan ni mò ń wò. Mo máa ń wo ojú ẹni tó gbé abọ́ náà wá.

Ní ìgbà kẹta tí mo lọ, ọjọ́ Ẹtì ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kọsẹ̀, ọbẹ̀ sì dà sórí aṣọ funfun bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrun Jímọ́ọ̀ dé. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e: èébú, bóyá ìgbátí, lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ ọ́ di gbèsè sọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. Màmá jáde láti ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà, ó ní kí wọ́n bu omi àti ọṣẹ wá, ó sì fún un lówó tí yóò fi gbé aṣọ náà lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ sí ọmọbìnrin náà: “Lọ mú ìnulẹ̀ wá.” Nígbà tí èrò dín kù, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ó pè é sẹ́yìn. Mo bi ọmọ náà léèrè lẹ́yìn náà pé kí ni wọ́n sọ fún un. Ó ní Màmá bi òun pé kí ló gbé òun ṣubú, òun sì fi bàtà òun hàn wọ́n, okùn rẹ̀ ti já, òun fi wáyà so ó pọ̀ de ìparí oṣù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ kan náà ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ.

Mo bi Màmá fúnra rẹ̀ pé kí ló dé tí kò bá ọmọ náà wí lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá bú u níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí di alẹ́. Abọ́ mìíràn ló máa fọ́.” Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó ń ka owó lọ bó ti ń sọ ọ́ ni. Àwọn àgbà ti sọ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìṣirò abọ́ tí obìnrin yìí ṣe tún yé mi ju òwe náà lọ.

Ọ̀rọ̀ abọ́ fífọ́ yìí tó ohun tí à ń dúró lé lórí díẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1974, kò fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti máa yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló bà á jẹ́, ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó lè yọ iye tó bá ìdí mu. N kò mọ ilé oúnjẹ méjì tó ń pa òfin yìí mọ́, ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kò sì pa á mọ́ rí. Ohun tí Màmá ń ṣe ni pé ó ní ìwé kan tí ẹni tó bá fọ́ abọ́ yóò kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti fọ́ sí, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ka ìwé náà lẹ́yìn oṣù méjì, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ báàfù tí wọ́n ti ń ṣan abọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú abọ́ tánńganran wọn ti ń fọ́, láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán, nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn èyí tí wọ́n ti fọ̀ sí. Ó pe káfíńtà, ó ní kó kan pákó onípele mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù náà. Mo yẹ ìwé náà wò: abọ́ mẹ́sàn-án ló fọ́ ní oṣù tó ṣáájú pákó náà, méjì ló fọ́ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ pé ó ń gba owó abọ́ ni, wọn ì bá máa kó àfọ́kù pamọ́ sínú àpò ìdọ̀tí, kò sì ní mọ̀ láéláé pé ilẹ̀ ló ń fọ́ abọ́ òun.

Ní ti owó, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ni ó ń san án. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò san án, kò jẹ́ fi í di iwájú. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ń gba 75,000 náírà, wọ́n sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, òfin náà kò sì mú agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi òfin yẹn mú obìnrin yìí pé kí ó san ohun tó ń san. Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀yọ́ tó wá jẹun níwájú rẹ̀ láti Sẹkitéríàtì kò gba ohun tó dín ní 80,000, èyí sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fi dá mi lóhùn nígbà tí mo yin owó wọn jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ sísan owó ni gbogbo wọn ń tẹnu mọ́ ju iye rẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí owó ń bọ̀ lè dá àjọ, ó lè ṣe àdéhùn pẹ̀lú onílé, kò sì ní máa sá fún ìyá tó ta ìṣáná fún un ní àwìn.

Nígbà tí owó ọwọ́ di ohun àfojúwá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí bébà náírà tuntun kò kárí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ kò sì gba tiransifá, Màmá yọ owó ọwọ́ tó wọlé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1,000 náírà ní alẹ́ kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè yanjú rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí òkè 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ló háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń kó àwọn tó ń gbé ọ̀nà Òjòó àti Ṣáṣá wá ní ìdájí. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń kó wọn. Ẹni tó ń rokà sọ fún mi pé ilé oúnjẹ kan fi owó tó ju ti Màmá lọ bẹ òun lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n òun rántí kẹ̀kẹ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojú rere nìkan ni gbogbo èyí. Obìnrin náà le. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Ó máa ń tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó bù ú fún ẹnikẹ́ni, bí kò bá sì dára, ó ní láti padà sórí iná. Ṣùgbọ́n bó bá dára, yóò dárúkọ ẹni tó sè é, yóò sì sọ ohun tó dára níbẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé, “Ata òní kò kan, o yọ omi rẹ̀ dáadáa.” “O ṣeun” tí a ń sọ fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò lè ṣe iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ṣe, nítorí pé ọmọ náà mọ ohun tí yóò tún ṣe lọ́la.

Wọ́n ń jẹun kí oníbàárà tó dé. Èyí lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ebi nínú mọ ohun tí mò ń sọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọkà rírò nínú ooru àti èéfín ni iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, nítorí náà àwọn méjì mìíràn máa ń ran ẹni tó ń rokà lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń dúró tì í ju wákàtí méjì lọ kí ẹlòmíràn tó gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń tì náà ní ìtàn. Tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, wọ́n á pe ẹni tó ń sinmi lórí fóònù, ìsinmi á sì di orúkọ lásán. Òfin Iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ sinmi fún wákàtí 24 tó tẹ̀léra nínú ọjọ́ méje. Màmá kò mọ̀ pé ó wà nínú òfin títí mo fi sọ fún un. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, kò sí ẹni tí òun lè pè.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni pé n kò gbọ́ ọ níbẹ̀ rí pé “ìdílé kan ni wá.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn tó lẹ́nu àwọn ọ̀gá, ọjọ́ tí owó oṣù kò bá sí ni wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀.

Àmọ́ ìdílé wà níbẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an ni àbùkù tó tóbi jù wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá ló ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo rí i tó dé lẹ́yìn aago mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé mo ti rí i tí wọ́n dá ọmọbìnrin mìíràn padà sílé nítorí pé ó pẹ́ fún ìdajì wákàtí. Ó máa ń fi ohùn àṣẹ pe àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Màmá bi mí bóyá mo fẹ́ omi tútù. Mo ti ṣe alábòójútó pẹ́ tó láti mọ̀ pé ojúsàájú kan ṣoṣo lè jẹ bàtà rọ́bà, kẹ̀kẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi run lọ́kàn òṣìṣẹ́.

Kò sì sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn 14 náà, bẹ́ẹ̀ Òfin Iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 máa dá owó pamọ́ fún wọn, kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8. Mo wo iye òṣìṣẹ́ tó ní, mo wo àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń sáré kiri láàárín tábìlì ogún ní ọ̀sán, mo sì bi í bóyá nítorí òfin yẹn ni kò fi gba ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin náà ti mọ̀ jù.”

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò gbọdọ̀ lọ láàárín aago kan sí méjì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ju mọ́tò mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ POS wọn máa ń kọ iṣẹ́, nítorí náà ẹ mú owó ọwọ́ dání. Omi ìfọwọ́ wà, ọṣẹ wà, fáànù ń ṣiṣẹ́ bí iná bá wà. Aago mẹ́rin, ògúnfe ti tán.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo rí kókó méjì nínú àmàlà mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan ní tábìlì kejì ti ké sí Màmá pé òkèlè òní yìí mà ní kókó. Màmá ní kó jọ̀ọ́, kó fara dà á, ẹni tó ń rò ó lọ lo ìsinmi ọdún rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, àwọn tó gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń mọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bọ̀. Ọkùnrin náà ní ṣé wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ láago pé kó tètè padà ni. Màmá ní, “Ìsinmi rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.” Ọkùnrin náà tẹ kókó kan fọ́ sétí abọ́, ó sì ní kí wọ́n fi òkèlè kan sí i fún òun.